Iná Àjíǹde Nínú Àtùpà Dẹlẹgéè

Ẹ fà mọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá rí àpótí, kó fi jókòó. Ẹni tí kò rí, ẹní wà nílẹ̀. Ẹ fi fóònù yín sápò. Ẹ bá mi pa gílóòbù tó wà lókè yẹn náà, ilẹ̀ ò tíì ṣú tán, ẹ ò ní ṣubú. Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kí gílóòbù máa bá mi du ọ̀rọ̀ sọ.

Ìgbà Ìjọba Ìyípadà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kamaráàdì. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Ìkpìnlè ni wọ́n ti gbé mi wá sí abúlé àwọn ọkọ mi, lójú ọ̀nà Másẹ̀. Tí ẹ bá kúrò ní Ajá-Wẹ̀rẹ̀, tí ẹ rìn kọjá oko ọ̀pẹ, tí òórùn gàrí tí wọ́n ń yan bá ti gba imú yín, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Pobẹ́ ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ wálé. Ìyá rẹ̀ ni mò ń bá gbé. Ìyá náà ló sì kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, ju katekíìsì tó ń kọ́ ìjọ wa lọ, ju fadá pàápàá lọ. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi.

Obìnrin kúkúrú ni ìyá ọkọ mi, ohùn rẹ̀ ló ga. Tó bá ń kọrin nílé ìjọsìn, àwọn tó wà níta máa ń rò pé ó ti lé ní ẹni mẹ́ta tó ń kọ ọ́. Nínú gbogbo ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí, ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Àbúrò yìí sì ni dẹlẹgéè abúlé wa.

Ẹ̀yin ò mọ dẹlẹgéè. Ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí abúlé ni. Wọ́n ní baálẹ̀ ti dàgbà jù fún Ìyípadà, kó lọ jókòó. Wọ́n wá fún dẹlẹgéè ní ẹ̀wù kakí kan, fèrè kan tó ń fi ẹnu fọn, àti àtùpà gáàsì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ní dístríìtì, ọ́fíìsì ìjọba àgbègbè wa. Ẹ má fi àtùpà náà ṣeré o. Tí wọ́n bá ti fún un ní afẹ́fẹ́ dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣùùù, á sì mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn lè ka eyín nínú ẹnu ẹni tó ń yán lọ́ọ̀ọ́kán. Tí fèrè bá dún fún ìpàdé, tí gbogbo wa ń sáré jáde, kì í ṣe nítorí Ìyípadà. Àtùpà là ń lọ wò. Àwọn obìnrin máa ń gbé ẹ̀gúsí tí wọn ò tíì bó wá síbẹ̀, wọ́n á máa bó o lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ìjọba, wọ́n á sì máa dáhùn "Dandan!" nígbàkigbà tí dẹlẹgéè bá ké "Ehuzu!" Èdè Fọ̀n ni, "nǹkan ti yí padà" ló túmọ̀ sí. Nǹkan yí padà lóòótọ́. Ẹ̀gúsí wa ń yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Dẹlẹgéè kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀rọ̀ ló fẹ́ràn. Inú rẹ̀ á dùn tó bá ti lè dìde dúró, kó fi ọwọ́ kan sẹ́yìn, kó sọ pé: "Ẹ̀yin kamaráàdì! Ìsìn ni òkùnkùn! Ìyípadà ni ìmọ́lẹ̀! Ẹ jẹ́ ká gbógun ti òbìsíkúrántísìmù!" Ọ̀rọ̀ Faransé yìí ló fẹ́ràn jù, wọ́n kọ́ ọ ní dístríìtì; ohun tó ń mú èèyàn wà nínú àìmọ̀ ló túmọ̀ sí. Àwọn àgbàlagbà rò pé àìsàn ni. Ìyá arúgbó kan nawọ́ sókè lọ́jọ́ kan, ó béèrè bóyá abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti dé ilé ìwòsàn.

Tó bá wá di ọjọ́ Àìkú, katekíìsì náà á dìde dúró níwájú wa, òun náà á fi ọwọ́ kan sẹ́yìn: "Ẹ̀yin ará nínú Olúwa! Ẹ̀ṣẹ̀ ni òkùnkùn! Kristi ni ìmọ́lẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ní olówó méjì lábúlé wa. Dẹlẹgéè ní tòun ni, katekíìsì ní ti Ọ̀gá òun ni. Àwa tí epo òyìnbó ò tó fún àtùpà wa, àwọn méjèèjì là ń wò.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń dun ìyá ọkọ mi. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún òun àti àbúrò rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Láti ìgbà tí àbúrò yìí sì ti di dẹlẹgéè, kò jẹ oúnjẹ ọdún nílé wa mọ́. Àwọn ará dístríìtì ló sọ fún un pé ẹni tó bá jẹ́ aṣáájú kì í ṣọdún ìsìn. Lọ́jọ́ lásán o, ẹ ò ní pè é kó tó yọjú. Á wọlé tààrà, á ṣí ìkòkò, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ sè lónìí?" Ṣùgbọ́n tó bá di Kérésìmesì tàbí Àjíǹde, á gba iwájú ilé wa kọjá, á kọjú sí òdìkejì, bí ẹni pé ilé àlejò ni.

Mo sọ fún ìyá ọkọ mi nígbà kan pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ṣebí ó ń jẹ tiwa tó ní ọjọ́ tó kù."

Ó wò mí. "Ìyàwó mi, lọ́jọ́ tó kù, ikùn rẹ̀ ni mò ń bọ́. Lọ́jọ́ ọdún, ọmọ ìyá mi ni."

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé àṣà wa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ so kọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tí a ń rántí ikú Olúwa, tí a bá ti parí Ọ̀nà Àgbélébùú, gbogbo ilé Kátólíìkì lábúlé á pa iná ààrò. A ó da omi sí i, a ó kó eérú jáde, a ó gbá ààrò títí á fi mọ́ bí àwo. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣá ìṣáná, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan àtùpà. Gàrí tútù la ó máa mu, pẹ̀lú àkàrà tí a ti dín sílẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, fadá á dá iná tuntun níwájú ilé ìjọsìn ní Ajá-Wẹ̀rẹ̀, á bù kún un, á fi tan àbẹ́là ńlá. Lára àbẹ́là yẹn ni oníkálukú á ti tan tirẹ̀. Ẹnì kan láti abúlé wa á gbé iná náà sínú àtùpà wálé, gbogbo ilé tó kù á wá bu tiwọn lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun la ó fi dá ààrò, òun la ó fi se oúnjẹ ọdún. Ìyá ọkọ mi ló ń gbé e. Kò sẹ́ni tó yàn án, kò sì sẹ́ni tó láyà láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé bàbá mi ní Ìkpìnlè, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, tí gbogbo ilé dúdú kirikiri, ẹ̀rù bà mí. Mo fi orúnkún gbá àpótí. Mo fi orí gbá òpó. Ìyá ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn.

"Ìyàwó mi, ṣé ẹ̀yin ará Ìkpìnlè ò ní òkùnkùn lọ́dọ̀ yín ni?"

"A ní o, Ìyá. A kàn kì í jókòó sínú rẹ̀ ni."

"Jókòó sínú rẹ̀. Kò ní jẹ ẹ́. Inú òkùnkùn ni ìyá ẹ gbé ẹ sí kó tó bí ẹ. Inú òkùnkùn ni àgbàdo wà nísinsìnyí ní oko wa, ṣé ò ń gbọ́ kó máa sunkún? Katekíìsì ń bú òkùnkùn ṣáá, kò mọ̀ pé inú rẹ̀ ni Olúwa wà lónìí."

Kò sí ìwé kankan tí mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà náà. Mo jókòó. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ilé: eku nínú àjà, ìmí ìyá ọkọ mi, ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ lẹ́yìn ògiri. Ẹ̀rù náà kúrò.

Aládùúgbò wa kan wà, Mùsùlùmí ni, ó ń ta iyọ̀ àti ata. Ó yọjú sí wa láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gbé ẹyin iná sínú àpáàdì. "Ẹ̀yin ẹlẹ́ààrò tútù, ẹ gba iná o! Ẹ jẹ́ kí ìyàwó tuntun yìí rí nǹkan gbígbóná mu, kó má baà padà sí Ìkpìnlè!"

Ìyá ọkọ mi ní, "Gbé iná ẹ lọ, ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí ẹ̀yin ń gbààwẹ̀, ṣé mo gbé ẹ̀kọ wá bá yín lọ́sàn-án?"

"Ẹ gbé e wá lọ́dún kan!"

"Mo gbàgbé ni!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹyin iná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lọ́wọ́ obìnrin náà. Ẹnu ẹ̀rín yẹn ni wọ́n wà tí dẹlẹgéè fi dé. Ó wọ kakí rẹ̀, ó mú páálí ìṣáná dání, ó ń mì í létí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú inú òkùnkùn."

"Kamaráàdì àbúrò mi, o kú inú ìmọ́lẹ̀."

"Ẹ wo bí ilé yín ṣe tutù. Ìṣáná kan ṣoṣo, ẹ ó mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ó dìgbà tí ẹ bá rin ìrìn àjò lọ bu iná ní Ajá-Wẹ̀rẹ̀?"

"Mo fẹ́ kó o jẹun lọ́dọ̀ mi lọ́la."

Ó ṣíwọ́ mímì páálí. Ó wo òrùlé. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé n kò lè ṣe é."

"N kò mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún páálí mì. Mo rò pé ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré ni kó lè bọ́. Ó ní, "Ó dára. Òjò ti ń gbára jọ lónìí, ẹ wo ọ̀run. Tí iná yín bá ti Ajá-Wẹ̀rẹ̀ dé ààrò yìí láìkú, màá jẹun. Ṣùgbọ́n tó bá kú lọ́nà, ẹ ó gba ìṣáná lọ́wọ́ mi, lójú gbogbo èèyàn, ẹ ò sì ní fi oúnjẹ ọdún dà mí láàmú mọ́ láéláé."

Èmi ì bá ní kó má gbà. Ìyá ọkọ mi ti na ọwọ́ sí i. Aládùúgbò wa ló sì ṣe ẹlẹ́rìí wọn, pẹ̀lú àpáàdì iná lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ni òjò àkọ́kọ́ dé, ó pa gbogbo ẹni tó wà lóko, ó sì dá. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti ìyá ọkọ mi gba Ajá-Wẹ̀rẹ̀ lọ. Fadá kò dúró dìgbà tí ilẹ̀ máa ṣú, torí ìjọ míì ń retí rẹ̀ lọ́nà Oko-Àkàrẹ̀, alùpùpù rẹ̀ kò sì ní iná iwájú. Ó dá iná náà nígbà tí oòrùn ṣì ń yọjú lẹ́bàá ọ̀pẹ. Ó gbé àbẹ́là ńlá sókè, ó kọrin, "Ìmọ́lẹ̀ Kristi!" A dá a lóhùn pé, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run!" Ohùn ìyá ọkọ mi bo gbogbo tiwa mọ́lẹ̀. Iná ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ẹni tí n kò mọ̀ rí tan tèmi, mo yí padà, mo tan ti ẹlòmíràn tí n kò mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá ọkọ mi fi àbẹ́là rẹ̀ tan àtùpà onígíláàsì rẹ̀, ó rọ òwú rẹ̀ sílẹ̀, ó so ìborùn mọ́ ọn bí ẹni tó ń pọn ọmọ. A bọ́ sọ́nà. Ilẹ̀ ti ń ṣú bọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ wọ abúlé wa, ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń ṣèpàdé kọjá. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó. Dẹlẹgéè ti fọn fèrè fún ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an, torí ará dístríìtì kan sọ fún un pé ó dára kí èèyàn ní nǹkan ṣe lọ́jọ́ tí ìsìn bá ń ṣọdún. A retí láti máa rí àtùpà gáàsì láti òkèèrè. A ò rí nǹkan kan. Ohùn la kọ́kọ́ gbọ́.

"Ta ló tún ní ìṣáná?"

"Tiyín ńkọ́, Dẹlẹgéè?"

"Òjò ọ̀sán ló pa á! Nínú àpò mi ló wà!"

Ìṣáná ń wọ́n nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Páálí kan ṣoṣo tó wà lábúlé wa lọ́sẹ̀ yẹn, òun ni dẹlẹgéè ń mì kiri láti àárọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Àwọn Kátólíìkì tó wà níbẹ̀, ààrò gbogbo wọn tutù; ìta ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ti ń dáná, òjò ọ̀sán ti pa tiwọn. Ó wá kígbe pe aládùúgbò wa tó ń ta iyọ̀: "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ kì í ṣe Kátólíìkì!"

"Mo gbé tèmi lọ fún wọn láàárọ̀, wọn ò gbà á. Mo sè tán lọ́sàn-án, mo pa á."

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn, gbogbo ìpàdé Ìyípadà nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń rò ó bóyá kí ẹnì kan sáré lọ sí Másẹ̀, tí èmi àti ìyá ọkọ mi fi yọ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ wa.

Gbogbo ojú yí sí wa. Ìyá ọkọ mi kò dúró. Ńṣe ló dín ìrìn rẹ̀ kù, ó ń rìn bí ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ.

"Ẹ kú ìpàdé o, ẹ̀yin kamaráàdì gbogbo."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá."

Dẹlẹgéè wúkọ́. Ó tún wúkọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dúró ná."

"Ṣé kí n dúró? Òkùnkùn ni mo gbé dání o. N kò fẹ́ kó ta bá yín."

Ẹ̀rín bú jáde lápá àwọn tó ń bó ẹ̀gúsí. Dẹlẹgéè fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ di ikọ́. "Ẹ jọ̀ọ́. Iná díẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, a kì í du ẹnikẹ́ni ní iná Àjíǹde lójú ọ̀nà. Bó jẹ́ ọlọ́tí ni, bó jẹ́ dẹlẹgéè ni, ẹni tó bá béèrè gbọ́dọ̀ rí i gbà. Ìyá ọkọ mi tú ìborùn, ó ṣí gíláàsì. Ṣùgbọ́n àtùpà gáàsì kì í ṣe nǹkan tí à ń ṣáná sí lásán. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọtí líle mú ọrùn rẹ̀ gbóná, sódàbì sì ni wọ́n ń lò. Bí dẹlẹgéè ṣe ń da sódàbì náà sínú abọ́ kékeré tó wà lọ́rùn àtùpà, tó ń fi iná Olúwa ràn án, àwọn ọkùnrin ń kérora bí ẹni tí wọ́n ń gé ní ẹran ara. Ó fún un ní afẹ́fẹ́. Àtùpà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Gbogbo ojú yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ehuzu!"

"Dandan!" Ìyá ọkọ mi ló ké e jù.

Dẹlẹgéè fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àdéhùn wa ò yí padà o. Ó gbọ́dọ̀ dé ààrò."

"Á dé ibẹ̀."

Kò dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn igi ọ̀pẹ tó wà láàárín àtíbàbà àti ilé wa ni afẹ́fẹ́ ti pàdé wa, òjò sì tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ mi tẹ̀ bo àtùpà náà, mo fi ara mi bò ó láti ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ká ìborùn kúrò. Omi tútù bọ́ sára gíláàsì gbígbóná. Ó dún pá! Iná kú.

Mo sunkún. Ẹ má fi mí ṣẹlẹ́yà, mo sunkún. Mo mọ ohun tó wà nínú iná yẹn fún un. Mo ń retí pé kí òun náà sunkún. Ó dúró nínú òjò, ó gbé àtùpà tó ti sán sókè, ó mì í létí láti gbọ́ bóyá epo ṣì kù nínú rẹ̀. Ó yí ojú padà sí ọ̀nà tí a gbà wá. Àtíbàbà ń tàn láàárín àwọn ọ̀pẹ bí ilé ìgbéyàwó.

"Ìyàwó mi, jẹ́ ká padà."

"Padà sí ibo, Ìyá?"

"Sí ibi tí iná wà."

"Ti dẹlẹgéè nìyẹn!"

"Ta ló fún un?"

A padà. Gbogbo ìpàdé ti sún mọ́ àárín nítorí òjò tó ń jò wọlé létí àtíbàbà. Ẹnu "òbìsíkúrántísìmù" ni dẹlẹgéè wà nígbà tó rí wa, omi ti rin wá bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó rí gíláàsì tó sán. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ tàn, ó wá rọ. Mo ti rò ó láti ìgbà náà: inú rẹ̀ dùn láti borí, inú rẹ̀ ò sì dùn pé òun borí.

"Ó kú," ló wí.

"Gíláàsì ló fọ́. Mo wá gba iná mi."

"Iná wo, ẹ̀gbọ́n mi? Tiyín kú lọ́nà. Èyí tó wà níbí, iná Ìyípadà ni. Inú àtùpà ìjọba ló wà."

"Ilé ìjọba ló wà. Ilé mi ló ti wá."

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní iná Olúwa ni. Àwọn kan ní sódàbì ló bí i. Ọkùnrin kan ní tó bá jẹ́ sódàbì ló bí i, kí wọ́n gbé e fún òun, mọ̀lẹ́bí òun ni. Dẹlẹgéè fọn fèrè kí wọ́n dákẹ́.

Ìyá ọkọ mi bọ́ sí àárín, lábẹ́ àtùpà gan-an, omi ń kán lára rẹ̀. "Ó dára, àbúrò. N kò ní bá ẹ jà. Ìwọ fúnra ẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn: iná ta ni? Tó o bá ní tèmi ni, a jẹ́ pé kò kú, ó wà láàyè níbí, màá gbé e délé, àdéhùn wa sì dúró. Tó o bá ní tìẹ ni, màá bẹ̀ ẹ́ kó o fún mi díẹ̀. Màá fi dá ààrò, màá fi se adìyẹ lọ́la. Ṣé o rántí bàbá wa?"

Dẹlẹgéè ní òun rántí.

"Kí ni bàbá wa máa ń ṣe tí a bá bu iná fún ará ilé kejì lọ́jọ́ ọdún?"

Ó dáhùn jẹ́jẹ́, bí ọmọ ilé ìwé. "Ó máa ń tẹ̀ lé iná náà lọ. Á dúró títí wọ́n á fi sè tán, á tọ́ ọ wò."

"Ó ní kò sí bí wọ́n ṣe máa fi iná òun se oúnjẹ kí òun má tọ́ ọ wò. Tó bá jẹ́ iná ẹ ni, tẹ̀ lé iná ẹ."

Ẹ gbọ́ bó ṣe há a? Ọ̀nà méjèèjì, ìkòkò ọbẹ̀ ló já sí. Dẹlẹgéè wo ọ̀tún, ó wo òsì. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: ẹnì kan á débẹ̀ lọ́la, á sọ ọ́ fún wọn ní dístríìtì. Aládùúgbò wa tó ń ta iyọ̀ ló yọ ọ́. Ó gbé igbá ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde.

"Dẹlẹgéè! Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ìpàdé ló ń pinnu nǹkan nísinsìnyí, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo? Ẹ jẹ́ ká nawọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí dẹlẹgéè jẹ adìyẹ lọ́la, kó nawọ́ sókè!"

Ọwọ́ gòkè. Ti Kátólíìkì, ti Mùsùlùmí, ti àwọn Sẹ̀lẹ́sìtì tó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé ilé ìjọsìn wọn ni. Ọkùnrin ọlọ́tí na ọwọ́ méjèèjì. Ewúrẹ́ nìkan ni kò nawọ́.

Dẹlẹgéè ka ọwọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá fi ọwọ́ kan sẹ́yìn. "Ẹ̀yin kamaráàdì," ló wí. "Aráàlú ti pinnu. N kò lè lòdì sí aráàlú."

"Ehuzu!" ni ìyá ọkọ mi ké.

"Dandan!"

Wọ́n fi ewé ọ̀pẹ gbígbẹ bu iná náà láti ẹnu àtùpà gáàsì, wọ́n fi tan àtùpà ìyá ọkọ mi. Òjò ti ń dá. Dẹlẹgéè bọ́ ẹ̀wù kakí rẹ̀, ó fi ta bo àtùpà tó ti sán náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e dé ààrò wa. Ó ní òun fẹ́ rí i dájú pé iná ìjọba délé láìséwu ni.

Ní ọjọ́ Àjíǹde, lẹ́yìn ìsìn, ó dé. Adìyẹ àti ẹ̀gúsí la sè, pẹ̀lú ọkà àgbàdo. Ìyá ọkọ mi yọ iwe adìyẹ síwájú rẹ̀ kó tó béèrè. Ó jẹ tán, ó ní aráàlú kò sọ iye òkèlè tóun gbọ́dọ̀ jẹ, kí wọ́n bu kún un. Ìyá ọkọ mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oúnjẹ. Nígbà tó yá, àbúrò rẹ̀ bu òkèlè, ó fi í sí i lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹun, ẹ má jẹ́ kí iná mi ṣòfò."

Lọ́dọọdún ló ń wá láti ìgbà náà. Tí wọ́n bá bi í ní dístríìtì, á ní ìpinnu ìpàdé ni, ìpàdé míì ò sì tíì fagi lé e. Èmi náà ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì ń fetí sí wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń wá sí ojú mi ni ìyá ọkọ mi nínú òjò, tó ń wo ibi tó fún ní iná, kó lè mọ ibi tó máa padà sí.

Gbogbo ẹ̀ ti tán báyìí. Ìjọba Ìyípadà lọ, baálẹ̀ padà sórí àga. Dẹlẹgéè kú lórí ẹní rẹ̀, fadá ló sì sin ín. Ìyá ọkọ mi tẹ̀ lé e kó tó pẹ́, bí ìgbà tó ń tẹ̀ lé iná.

Ẹ̀wù kakí náà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ dẹlẹgéè, ó fi ń gun ọ̀pẹ lọ dá ẹmu. Fèrè di ti aládùúgbò wa tó ń ta iyọ̀, ó fi ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ata. Katekíìsì ló gba àtùpà gáàsì, ó gbé e kọ́ sínú ilé ìjọsìn kékeré tí a kọ́ sábúlé, níbi tí ó ti ń hó ṣùùù bo ìwàásù rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí iná mànàmáná fi dé. Ìkòkò ọbẹ̀ ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ ìyàwó dẹlẹgéè. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni iná náà, ẹ̀yin ọmọ ilé méjèèjì lẹ jogún ìyẹn, mo sì ń gbọ́ yín lọ́dọọdún.

Èmi, àtùpà tó sán ló kàn mí. Mi ò pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀. Òun náà ló wà lórí pẹpẹ yẹn, ẹ̀yìn ẹni tó fi fóònù pamọ́ sábẹ́ ìtan tó rò pé mi ò rí i. Gbé e bọ̀, ọmọ mi. Àbámẹ́ta Àjíǹde ń bọ̀ lọ́la, ẹsẹ̀ mi ò lè dé Ajá-Wẹ̀rẹ̀ mọ́, ẹnì kan nínú yín ló máa gbé e.